Ẹ̀rín Baba Òkè

Ọjọ́ Ẹtì, ọ̀sẹ̀ kìíní nínú oṣù kẹta

Ìgbà wo gan-an ni ẹ̀rín máa ń di ariwo lásán? Ìbéèrè yìí ni kò jẹ́ kí n sùn lánàá, òun náà ni mo sì tún gbé wá síbi tábìlì yìí.

Àná ni Olùdarí pè wá pé ká wá wo bí wọ́n ṣe to fíìmù *Alágbàfọ̀ Ẹlẹ́ẹ̀kejì* pọ̀. Kò tíì lóhùn púpọ̀. Àwọn èèyàn ń rìn, ẹsẹ̀ wọn ò dún. Ilẹ̀kùn ń padé bí ẹni pé òwú ni wọ́n fi ṣe é. Iṣẹ́ tèmi nìyẹn ṣáà. Èmi ni mò ń bá wọn wọ bàtà rìn nínú iyanrìn kí ẹsẹ̀ wọn lè dún, èmi ni mò ń gbọn ṣíìtì kó lè dún bí aṣọ akọni tó ń fò. Màmá Bàtà ni wọ́n ń pè mí níbi iṣẹ́. Mo ti gbà á lórúkọ.

Bí àwòrán ṣe bẹ̀rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó lanu, ẹ̀rín baálé mi ni mo gbọ́.

Ẹ̀rín kékeré yẹn. Gbogbo ẹni tó wo *Alágbàfọ̀* àkọ́kọ́ ló mọ̀ ọ́n. Ìparí fíìmù ló wà: alágbàfọ̀ náà, tó ti ń fi agbára rẹ̀ pa mọ́ fún gbogbo àdúgbò, dúró lórí òrùlé láàárín àwọn aṣọ tó sá, ó na apá, ó gbéra. Kò sí orin. Baba Òkè, arúgbó tó ń gbé yàrá òkè, jókòó lójú fèrèsé, ó rí i, ó rẹ́rìn-ín. Ó tán. Àwọn èèyàn sunkún nínú ilé sinimá. Baálé mi ló ṣe Baba Òkè. Ó ti lé ní ọdún kan tí a ti sin ín.

Nínú ẹlẹ́ẹ̀kejì yìí, ẹ̀rín yẹn ló ṣí fíìmù. Ó tún dún nígbà tí akọni kọ́kọ́ gbéra, ó dún nígbà tó ṣubú, ó dún nígbà tó dìde. Olùdarí ṣàlàyé pé Baba Òkè ti kú nínú ìtàn náà, òkè ọ̀run ló ti ń rẹ́rìn-ín sí alágbàfọ̀ náà.

Ṣé kí n purọ́ fún ìwé ara mi? Inú mi dùn. Mo tẹ̀ síwájú lórí àga bí ọmọdé. Ó tó ìgbà kẹrin kí n tó fẹ̀yìn tì.

Ọjọ́ Ajé

Òjò ò jẹ́ ká ṣiṣẹ́ láàárọ̀. Páànù orí sítúdíò ń pariwo ju gbogbo wa lọ. Elétí, tó máa ń da ohùn gbogbo pọ̀ lórí kọ̀ǹpútà, ní ká kúkú gba òjò náà síṣẹ́, pé òun nìkan ni kò pẹ́ dé lónìí.

Nígbà tí òjò dá, Elétí pè mí sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó fẹ́ fọ ẹ̀rín náà mọ́.

"Màmá Bàtà, ẹ gbọ́ èyí." Ó tẹ̀ ẹ́. Bí wọ́n ṣe gbà á sílẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an ni: àga han díẹ̀, èémí wọlé, ó dúró, lẹ́yìn náà ẹ̀rín. "Ẹ gbọ́ ìdọ̀tí yẹn? Mo fẹ́ gbé e lọ sójú sánmà. Àga ò lè máa han lójú sánmà."

"Kí lo máa wá ṣe sí i?"

"Màá gé àga, màá gé èémí. Ẹ̀rín nìkan ló máa kù. Ibi tó bá wù wá la lè wá lẹ̀ ẹ́ mọ́."

"Bí òǹtẹ̀," mo ní.

"Bí òǹtẹ̀ gan-an, Màmá." Ó rò pé mo yìn ín ni.

Gbogbo àwa tó ń ṣiṣẹ́ ohùn la máa ń gé èémí. Bí èèyàn ṣe ń ṣa òkúta lára ẹ̀wà la ṣe ń ṣa á, a kì í tilẹ̀ wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ọwọ́ èmi náà ti gé èyí tí mi ò lè kà. Ṣùgbọ́n nígbà tó gé ti baálé mi tán tó sì tún un tẹ̀, ó dà bí ẹ̀rín ẹni tí kò láyà tó fi ń mí.

Mo padà sídìí iyanrìn mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Gílóòbù tún ti gbówó lórí. Ẹyọ kan ni mo rà dípò méjì, àtùpà tábìlì yìí ló gbà á. Ilé ìdáná á máa fi ojú fèrèsé ríran.

Ọjọ́bọ̀

Olówó wá sítúdíò. Òun ló ń náwó sí fíìmù náà, a ò sì mọ orúkọ mìíràn tó yẹ ká pè é. Ó jókòó sẹ́yìn Elétí, ó ń nàka sí ibi tí akọni ti ń bá ọ̀tá rẹ̀ wọ̀yá ìjà lórí afárá.

"Ibo ni ẹ̀rín wà níbí?"

"Ìjà ni wọ́n ń jà níbẹ̀, sà," Olùdarí dáhùn.

"Mo rí i pé ìjà ni. Mo ní, ibo ni ẹ̀rín wà?"

"A ti lò ó kí wọ́n tó débẹ̀, a sì tún máa lò ó tí wọ́n bá kúrò níbẹ̀."

"Ọmọ mi, tí o bá ra búrẹ́dì níbì kan tó dùn, tí o wá padà lọ, ṣé òkúta ni wàá ní kí wọ́n tà fún ẹ?"

Elétí ò yíjú. "Búrẹ́dì ni, sà. Ṣùgbọ́n èèyàn kì í fi búrẹ́dì jẹ búrẹ́dì."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Olówó pàápàá rẹ́rìn-ín, ó gbá Elétí léjìká. Lẹ́yìn náà ló ní kí wọ́n fi ẹ̀rín sórí afárá.

Olùdarí wò mí. Ó mọ̀ pé mo lẹ́nu nínú ọ̀rọ̀ náà, èmi ni mo fọwọ́ sí i pé kí wọ́n lo ohùn olóògbé. "Kí lẹ rò, mà?"

Mo ní, "Ẹ fi sí i."

Láti ìgbà tí mo ti délé ni mo ti ń bi ara mi pé ta ló dáhùn yẹn. Mo ti ka ìwé púpọ̀ láyé mi tó sọ pé ìfẹ́ kì í pa ohun tó fẹ́. Mi ò tíì ka ọ̀kan tó béèrè lọ́wọ́ ohun náà. Òótọ́ tó wà níbẹ̀ ò tilẹ̀ jinlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀: gbogbo ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ lẹ ọ̀kan, wọ́n á kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ kí n gbọ́. Ìdí tí mo fi ní kí wọ́n fi sí i nìyẹn.

Ọjọ́ Àìkú

Ọmọ mi ti ilé ìwòsàn wá tààrà, aṣọ nọ́ọ̀sì ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Kò jókòó.

"Màmá, ṣé ẹ mọ̀ pé wọ́n ti sọ Dádì di fóònù?"

"Fóònù báwo?"

"Àwọn oní-fíìmù yín. Wọ́n fi í polówó. Èèyàn lè fi ẹ̀rín wọn sórí fóònù, tí wọ́n bá ti pè é, á máa rẹ́rìn-ín. Mo wà nídìí aláìsàn láàárọ̀ yìí, mò ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru. Dádì bá rẹ́rìn-ín látinú àpò ẹni tó ń nulẹ̀."

"Kí lo wá ṣe?"

"Mo tún ẹ̀jẹ̀ náà wọ̀n. Mi ò mọ ohun tí mo kà nígbà àkọ́kọ́." Ó wá jókòó. "Ṣé kò sú yín ni?"

"Ó ń sú mi."

"Ẹ sọ fún wọn nígbà náà."

"Màá sọ."

"Màá sọ, màá sọ. Bí Dádì ṣe máa ń sọ nípa òrùlé tó ń jò nìyẹn." A rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó bá mi fọ abọ́, ó lọ.

Ohun kan wà tí mi ò tíì sọ fún un rí. Èmi àti bàbá rẹ̀ nìkan la mọ̀ ọ́n, ó ti wá ku èmi nìkan.

Ọ̀rọ̀ wà tó yẹ kí Baba Òkè sọ lójú fèrèsé yẹn. Gbólóhùn kan péré. Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn ló fi ń sọ ọ́ nídìí dígí tó bá ń fá irùngbọ̀n. Lọ́jọ́ náà, wọ́n ní kó bẹ̀rẹ̀, ó mí èémí sínú láti sọ ọ́, ọ̀rọ̀ náà ò sì sí níbẹ̀. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri pẹ̀lú bàtà lọ́wọ́, mo rí i tó gbójú sókè tó ń wá a bí ẹni ń wá kọ́kọ́rọ́. Nígbà tí kò rí i, ìtìjú mú un, ó rẹ́rìn-ín. Olùdarí fò dìde, ó dì mọ́ ọn, ó ní kò sí ẹni tó lè kọ irú nǹkan báyìí sínú ìwé.

Nínú ọkọ̀ nígbà tí à ń padà sílé, ó ní, "Ọ̀rọ̀ yẹn sá fún mi."

Mo ní, "Ó máa ń ṣẹlẹ̀."

Ó ní, "Kì í ṣẹlẹ̀ sí mi."

Òótọ́ ni. Orí ìtàgé ló ti hewú, kò sì pàdánù ọ̀rọ̀ kan rí. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀nà ilé sá fún un, orúkọ ọjọ́ sá, orúkọ ọmọ wa sá, ó wá kan tèmi. Ní gbogbo ìgbà, kó tó gbà pé kò sí mọ́, á mí sínú, á dúró, á rẹ́rìn-ín kékeré yẹn. Ohun tí gbogbo ayé ń pè ní ayọ̀ Baba Òkè, ibẹ̀ ni ìgbàgbé ti kọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn wa.

Ìyẹn ni wọ́n wá ń lẹ̀ káàkiri ojú sánmà. Ó ń gbàgbé lórí afárá, ó ń gbàgbé lórí òrùlé, ó ń gbàgbé nínú àpò ẹni tó ń nulẹ̀.

Ọjọ́rú

Mo lọ bá Olùdarí ní yàrá rẹ̀. Ó ti tẹ́ ẹní sábẹ́ tábìlì, ibẹ̀ ló ń sùn báyìí. Irùngbọ̀n rẹ̀ ti hù gátagàta.

"Mo fẹ́ kí o yọ díẹ̀ nínú ẹ̀rín yẹn."

"Èwo níbẹ̀, mà?"

"Gbogbo rẹ̀, àfi ọ̀kan."

"Èwo ni ká wá fi sílẹ̀?"

Mo ní, "Àṣejù, baba àṣetẹ́ ni."

"Mo mọ òwe yẹn, mà. Wọn kì í fi òwe ta tíkẹ́ẹ̀tì." Ó fọwọ́ nu ojú. "Ẹ má bínú. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín. Èmi kọ́ ni mo ṣe ẹ̀rín yẹn. Bàbá ló ṣe é. Gbogbo ìyìn tí wọ́n yìn mí lórí fíìmù yẹn, ibẹ̀ ló ti wá. Mo ti jókòó sídìí ìwé láti ìgbà yẹn, mò ń wá irú ẹ̀. Mi ò rí i. Tí mo bá wá yọ èyí tí bàbá ṣe, kí ló kù tó jẹ́ tèmi?"

Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti sọ fún un. Mo la ẹnu. Mo bi í bóyá ó ti jẹun.

"Mo ti jẹun, mà."

Irọ́ ni. Èmi náà ò sọ òótọ́, nítorí náà a ò jẹ ara wa ní gbèsè. Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn wálé. Mo ń gbọ́ bàtà mi lórí títì ní gbogbo ọ̀nà, bí ẹni pé ẹlòmíràn ló ń rìn fún mi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta

Ooru. Mo gbọn ṣíìtì títí apá mi fi ń ro mí. Iṣẹ́ tèmi parí.

Ọjọ́ Ẹtì, oṣù kẹrin

Wọ́n gbé fíìmù náà jáde lálẹ́ yìí. Ilé sinimá kún débi pé wọ́n gbé àga onírọ́bà sí àárín ọ̀nà.

Nígbà tí ẹ̀rín àkọ́kọ́ dún, wọ́n pàtẹ́wọ́. Obìnrin kan lẹ́yìn mi ní, "Baba Òkè, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta," jẹ́jẹ́, bí ẹni tó bá èèyàn rẹ̀ pàdé lójú ọ̀nà. Mo fẹ́ yíjú kí n dì í lọ́wọ́ mú. Wọ́n tún pàtẹ́wọ́ sí ìkejì. Ìkẹta, ọwọ́ díẹ̀. Lórí afárá, kò sí ọwọ́ rárá. Mo gbọ́ ọmọ kan tó bi ìyá rẹ̀ pé, "Kí ló ń pa bàbá yẹn lẹ́rìn-ín?" Ìyá náà ní kó dákẹ́. Ìbéèrè tó mọ́gbọ́n dání jù lọ lálẹ́ náà nìyẹn.

Ó wá kù díẹ̀ kó parí. Ilé gogoro fẹ́ wó, akọni fẹ̀yìn gbé e. Orin dákẹ́, bó ṣe dákẹ́ nínú ti àkọ́kọ́. Gbogbo wa mọ ohun tó ń bọ̀. Kó tó dé, ọ̀dọ́kùnrin kan fi ẹnu ara rẹ̀ ṣe é láti ẹ̀yìn: "Hẹ̀-hẹ̀." Ó bọ́ sí i gẹ́lẹ́. Ilé sinimá bú sẹ́rìn-ín, àwọn kan ń lu ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀. Abẹ́ ariwo yẹn ni ti baálé mi ti wá dún, kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ.

Ọmọ mi mú àpò rẹ̀. "Ẹ jẹ́ ká lọ."

"Jẹ́ kó parí."

"Ó ti parí, Màmá."

Ó jáde. Mo dúró. Ẹsẹ̀ tó ń rìn lọ ní ìparí, tèmi ni, mi ò lè fi í sílẹ̀ lóun nìkan. Elétí tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó ń nù ún, ó ń nù ún, kò sì sí nǹkan lára rẹ̀.

Olùdarí dúró lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ń kí i pé ẹ kú iṣẹ́, bí wọ́n ṣe ń kí ẹni tó ń gbá títì, láìdúró.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Ẹnì kan tó ń kọ̀wé nípa fíìmù sọ pé ó dà bí ẹni tó pa àwàdà kan tó dùn nígbà kan, tó wá ń pa á kiri láti orí àga kan sí òmíràn. Mo fẹ́ bínú sí i. Ó kọ ọ́ dáadáa.

Àwọn ọmọ àdúgbò wa ti gba ẹ̀rín náà. Tí ọ̀kan bá ṣubú lórí kẹ̀kẹ́, àwọn yòókù á ní, "Hẹ̀-hẹ̀." Wọn ò mọ̀ pé èmi nìyàwó ẹ̀rín náà. Wọ́n ń kí mi dáadáa.

Ohun tó bà mí nínú jẹ́ jù ṣẹlẹ̀ lóru àná. Mo ní kí n fi ọkàn gbọ́ òmíràn nínú ẹ̀rín baálé mi. Èyí tó máa ń ti imú jáde tí wàásù bá gùn. Èyí tó máa ń mì í tikùntikùn tó bá borí mi nídìí ayò, tó sì mọ̀ pé inú ń bí mi. Mo mọ̀ pé wọ́n wà, bí mo ṣe mọ ohun tí mo kà nínú ìwé. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe dẹ etí, èyí tí Elétí fọ̀ ni mo gbọ́, láìsí àga, láìsí èémí. Mo yí sí ẹ̀gbẹ́ kejì, òun náà ni. Àwọn yòókù ò wá.

Bí n kò bá gbọ́ ọ tó bẹ́ẹ̀, ṣé wọn ì bá ṣì wà? Ta ni mo fẹ́ bi?

Ọjọ́ Àìkú

Wọ́n ti yọ fíìmù náà kúrò ní ilé sinimá tó wà nítòsí wa. Ọmọ mi pè. A sọ̀rọ̀ nípa òrùlé.

Ọjọ́ Ajé

Olùdarí wá kí mi nírọ̀lẹ́. Ó gbé búrẹ́dì wá. Ilé ìdáná la jókòó sí, òun lórí àpótí, èmi lórí àga.

"Olówó ò gbé fóònù mi mọ́, mà."

"Á gbé e."

"Kò ní gbé e."

"Tóò. Kò ní gbé e. Mu tíì rẹ."

Ó mu ún. Ó ní, "Ohun tí wọ́n fẹ́ràn gan-an ni mo fún wọn. Ohun kan náà, kò yàtọ̀. Kí ni mo ṣe tó burú?"

Mo wá sọ fún un. Mo sọ nípa gbólóhùn tó sá, àti ohun tí baálé mi sọ nínú ọkọ̀, àti orúkọ ọmọ wa, àti tèmi. Ó gbé ife sílẹ̀ kí n tó dé ìdajì.

"Wọ́n gbàgbé?"

"Ó gbàgbé."

"Mo dì mọ́ wọn. Mo ń pariwo lé wọn lórí." Ó wolẹ̀. "Mo rò pé ẹ̀bùn ni."

"Ẹ̀bùn náà ni. Òun ò mọ̀ pé òun ń fún wa ni."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi lọ́jọ́ tí ẹ wá bá mi yẹn?"

"O ì bá ti yọ gbogbo rẹ̀." Ọ̀rọ̀ tó kù le lẹ́nu mi, ṣùgbọ́n mo sọ ọ́. "Mi ò sì fẹ́ kí o yọ gbogbo rẹ̀."

Mo bu tíì kún ife rẹ̀, ilé ìdáná ti ń ṣú. Mo wá bi í ní ohun tó ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ọjọ́ yìí wá. "Kí tilẹ̀ ni gbólóhùn yẹn? Èyí tó yẹ kó sọ. Ìwọ lo kọ ọ́."

"Àh, ìyẹn." Ó na ẹ̀yìn rẹ̀, ó mí sínú láti sọ ọ́. Mo gbọ́ bí èémí náà ṣe wọlé, tó sì dúró. Ó gbójú sókè sí àjà. Ó ń wá a.

Nígbà tí kò rí i, ó rẹ́rìn-ín.

Kò jọ ti baálé mi. Ohùn rẹ̀ tín-ín-rín, ẹkún sì ti wà nídìí rẹ̀. Ṣùgbọ́n odindi ni, kò sẹ́ni tó gé nǹkan kan lára rẹ̀. Kò mọ ohun tó ṣe. Mi ò sọ fún un. Kò sí ẹ̀rọ kankan nítòsí, mo sì dúpẹ́ pé kò sí.

"Èmi náà ò rántí rẹ̀," mo ní. Ó bú sẹ́kún wàyí, mo sì gé búrẹ́dì fún un.

Láti ìgbà tó ti lọ ni mo ti jókòó síbí. Mo ń wá gbólóhùn náà. Mo rí baálé mi nídìí dígí, mo rí ìfófòó ọṣẹ ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, mo rí ẹnu rẹ̀ tó ń ṣí tó ń padé. Kò fi mí sílẹ̀, ó ń tún un sọ, ó ń tún un sọ. Èmi tí mo ti fi ohùn sí ẹsẹ̀ àìmọye èèyàn, mi ò rí ohùn fi sí ẹnu yẹn.

Ilẹ̀ ti mọ́ dé etí tábìlì. Mo pa àtùpà.